Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Olórin: Lẹ́tà yín lórí Tracy Chapman

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá mo ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ nípa olórin onígìtá tó bá wù yín, mo ti múra de Bob Dylan, mo ti múra de Bob Marley, àṣé Tracy Chapman lẹ ní lọ́kàn. Lẹ́tà ẹ̀ pọ̀ débi pé mo ní kí n kúkú fi gbogbo ojú ìwé tòní jìn ín. Mo ti gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, ẹ má bínú, ẹlòmíì kí mi tilétilé kó tó rántí pé òun ní ìbéèrè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì Tracy Chapman kan nínú Peugeot wọn nígbà tá a wà ní kékeré, àràárọ̀ tí wọ́n bá ń gbé wa lọ sílé ìwé la máa ń gbọ́ ọ. Títí mo fi dàgbà mo rò pé ọkùnrin ló ń kọrin. Ta ni obìnrin yìí gan-an, ṣé ó ṣì wà láyé?” (Òǹkàwé kan, Sùúrùlérè)

Ó wà láyé dáadáa o, má pa á. Kì í sì í ṣe ìwọ nìkan lo rò pé ọkùnrin ni, àbúrò. Kásẹ́ẹ̀tì tèmi, àdàkọ ni, kò ní fọ́tò kankan lára, ẹni tó bá mi dà á kọ kàn fi báírò kọ “TRASSY” sórí páálí ni, ohùn yẹn wá nípọn, ó rọlẹ̀, mo ń sọ fún gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì pé ẹ wá gbọ́ bọ̀ọ̀dá yìí, àfìgbà tí mo rí páálí ojúlówó lọ́wọ́ ẹnì kan, tí mo rí ọmọdébìnrin onídàda tó dorí kodò lójú páálí. Ojú tì mí.

Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bí i, 30 March 1964. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá àti ìyá ẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, ìyá ẹ̀ ló dá òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tọ́, owó ò sì sí. Síbẹ̀ ìyá yìí rówó ra ukulele fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ìyẹn gìtá kékeré olókùn mẹ́rin yẹn. Nígbà tó fi máa pé mẹ́jọ ó ti ń ta gìtá gangan, ó sì ti ń kọ orin tiẹ̀. Ètò kan tó ń ran àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí orí wọn pé lọ́wọ́ ló gbé e lọ sí Wooster School, ilé ìwé aládàáni kan ní Connecticut, ibẹ̀ ni àlùfáà ilé ìwé ti gbégbá ọrẹ yíká kí wọ́n lè ra gìtá tó dáa fún un. Ọrẹ tó lọ síbi tó yẹ nìyẹn.

Ó wá lọ sí Tufts University lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìgbé ayé ọmọ èèyàn. Tó bá ti jáde ní kíláàsì, ó di Harvard Square, á dúró létí títì á máa kọrin fún àwọn tó ń kọjá, ẹni tó bá wù á ju ṣílè sínú àpótí gìtá. Ọmọ Tufts ẹgbẹ́ ẹ̀ kan, Brian Koppelman, ń ṣètò ìwọ́de tako apartheid, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa, ó ń wá ẹni tó máa kọrin níbẹ̀, wọ́n júwe Tracy fún un. Ó lọ gbọ́ ọ, orí ẹ̀ wú. Bàbá Brian yìí wà nídìí òwò orin, Brian bá ní òun á mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá òun, Tracy ò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Brian wá gbọ́ pé ọmọ yìí ti gba orin sílẹ̀ ní rédíò ilé ìwé wọn, ló bá ní kí ọ̀rẹ́ òun máa fi ọ̀rọ̀ dá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dúró, òun yọ́ wọlé, ó gbé téèpù. Talkin' 'bout a Revolution ló wà nínú ẹ̀. Bó ṣe dọ́dọ̀ bàbá nìyẹn, tó sì ti ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Elektra, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde. Bóyá olè ni ká pe Brian àbí ọlọ́gbọ́n, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ.

“Àwo mélòó ló ṣe, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́? Ẹ má júwe Greatest Hits fún mi o, gbogbo èèyàn ló ń júwe ìyẹn.” (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àkúrẹ́)

Mẹ́jọ ni. Tracy Chapman ní 1988, Crossroads ní 1989, Matters of the Heart ní 1992, New Beginning ní 1995, Telling Stories ní 2000, Let It Rain ní 2002, Where You Live ní 2005, Our Bright Future ní 2008. Ó parí.

Àkọ́kọ́ ni kó o kọ́kọ́ gbọ́, mi ò ní fọ̀rọ̀ dá ọ lágara. April 1988 ló jáde. Ẹ rántí bí orin ṣe rí nígbà yẹn ná, kíbọ́ọ̀dù ń ké wìì, ìlù ẹ̀rọ ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹni ń kan ìṣó, irun olórin ga ju olórin fúnra ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 24 kan wá jókòó pẹ̀lú gìtá onígi, orin 11, David Kershenbaum tó bá a ṣe é sì lóye tó láti fi ohùn àti gìtá síwájú kó fi ìyókù sẹ́yìn. Àwo yẹn gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó gbà á ní Britain, ó sì ti tà ju mílíọ̀nù 20 lọ káàkiri ayé. Grammy mẹ́ta ló kó nílé ní 1989, ọ̀kan fún olórin tuntun tó dáa jù, ọ̀kan fún ohùn lórí orin Fast Car, ọ̀kan fún àwo folk, ìyẹn orin ìtàn onígìtá.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, Fast Car kọ́ ni màá kọ́kọ́ ní kó o gbọ́ nínú ẹ̀. Behind the Wall ni. Kò sí gìtá, kò sí ìlù, kò sí ègbè, ohùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ bí ẹni ń kọrin nínú yàrá tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù kúrò. Aládùúgbò ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ igbe obìnrin lódìkejì ògiri lóru, kò rí oorun sùn, ó mọ̀ pé tóun bá pe ọlọ́pàá, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó dé, tí wọ́n bá sì dé, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, àwọn ò lè dá sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ rí, ẹ mọ ògiri yẹn. Ìṣẹ́jú méjì péré lorin náà, ó sì ń ṣe mí bíi kí n lọ kanlẹ̀kùn ẹni tí mi ò kàn rí.

Crossroads ló tẹ̀lé e, ó bínú jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti di olówó tán, àwọn tó ń fa aṣọ ẹ̀ lápá ọ̀tún lápá òsì ti pọ̀, ó wá kọrin nípa ẹni tó dúró sí oríta tí wọ́n fẹ́ ra ẹ̀mí ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn onígìtá blues, ìyẹn orin ìbànújẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti máa ń sọ ọ́ tipẹ́ pé oríta lẹni kan ti ń pàdé olórin lóru kó tó mọ gìtá ta, àwọn onímọ̀ kan sì ní Ẹlẹ́gbára táwọn baba wa kó dé ọ̀hún ni ìtàn yẹn ṣì ń rántí. Àwa kọ́ ni wọ́n máa ṣàlàyé ẹni tó ni oríta fún. Àwo yìí náà ni Freedom Now wà, tó kọ nítorí Mandela tó ṣì wà lẹ́wọ̀n, Neil Young sì bá a ṣeré nínú All That You Have Is Your Soul.

Matters of the Heart, mo gbọ́ ọ, kò dùn mọ́ mi, ká tẹ̀ síwájú.

New Beginning ni kó o gbọ́ ṣìkejì. Give Me One Reason wà níbẹ̀, blues ni pọ́nbélé, irú èyí tí gìtá á máa yí ilé méjìlá (ìyẹn ìwọ̀n ìlù méjìlá) po tí á sì tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdán kankan nínú ẹ̀. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ó ti kọ orin yìí lórí tẹlifíṣọ̀n ní Saturday Night Live lọ́dún 1989! Ó gbé e sápò fún ọdún mẹ́fà, nígbà tó wá gbé e jáde, ó gba ipò kẹta ní Amẹ́ríkà ní 1996, ó gba Grammy orin rock tó dáa jù lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ olórin wa tí kì í lè di orin mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbọ́ o.

Ìyókù, tó o bá ti fẹ́ràn ẹ̀ dé ibí yìí, wàá wá wọn fúnra ẹ. Let It Rain ló ṣókùnkùn jù, alẹ́ ló yẹ ká gbọ́ ọ.

“Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ń bá mi jiyàn pé Luke Combs ló ni Fast Car, pé orin country ni, pé orin àwọn òyìnbó onífìlà abetí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní kí n lọ wo fóònù. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.” (Bàbá kan, Houston)

Ẹ pè é kó wá jókòó, sà. Ní March 2023 ni Luke Combs gbé e sórí àwo ẹ̀ Gettin' Old. 1990 ni wọ́n bí Combs, orin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kí ìyá ẹ̀ tó bí i. Òun fúnra ẹ̀ sì sọ ọ́ pé inú ọkọ̀ bàbá òun lòun ti gbọ́ ọ nígbà tóun wà ní kékeré, kásẹ́ẹ̀tì Tracy ni bàbá ẹ̀ ń lò. (Èyí yẹn jọ ti ọmọ Sùúrùlérè òkè yìí, àbí? Bàbá ní Èkó, bàbá ní Carolina, kásẹ́ẹ̀tì kan náà.) Combs ò tiẹ̀ yí ọ̀rọ̀ orin padà, ibi tí Tracy ti pe ara ẹ̀ ní ọmọbìnrin tó ń gbowó ní káúńtà, ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orin náà gba ipò kejì lórí Hot 100, àtẹ orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ó gba ipò kìíní lórí rédíò country, Tracy sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dá nìkan kọ orin tó débẹ̀. Ní November 2023, ẹgbẹ́ olórin country, CMA, fún un ní ẹ̀bùn orin tó dáa jù lọ́dún, kò sí aláwọ̀ dúdú tó gbà á rí ṣáájú ẹ̀. 4 February 2024, àwọn méjèèjì jọ dúró níbi Grammy. Kámẹ́rà kọ́kọ́ lọ sórí ọwọ́ tó ń ta gìtá, kò tíì fi ojú hàn, wọ́n wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ rí i bí irun ẹ̀ ti funfun, ẹ rí ẹ̀rín ẹnu ẹ̀. Ẹ wo bí Combs ṣe ń wò ó níbẹ̀, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń wo ọ̀gá.

Torí náà Tracy ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ kí ọmọ yẹn dìde, torí ó jẹ̀bi nínú apá kejì ju apá kìíní lọ, ìyẹn tó ní orin òyìnbó ni.

Ta ló kọ́ Tracy ní gìtá? Tẹlifíṣọ̀n ni. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ pé ètò Hee Haw ló jẹ́ kí gìtá wu òun, ètò orin country pẹ̀lú àwàdà ni, gbogbo wọn wọ aṣọ oko jókòó lórí koríko gbígbẹ. Ọmọ dúdú kékeré kan ní Cleveland jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo gìtá lọ́wọ́ wọn, ó ní òun fẹ́ ọ̀kan. Ohun tó mú níbẹ̀ ló fi kọ Fast Car, tó fi jẹ́ pé nígbà táwọn country gbé e ní 2023, ẹrù wọn ló padà délé.

Tá a bá sì tún fà á lọ sẹ́yìn díẹ̀ sí i, ilé ta ni? Bánjò tí wọ́n fi ń dá country mọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti wá, àwọn Jola ní Gambia àti Senegal ṣì ní akonting tó jọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, igbá, awọ, ọ̀pá gígùn, okùn mẹ́ta. Elizabeth Cotten, obìnrin dúdú tí wọ́n bí ní North Carolina ní 1893, ọlọ́wọ́ òsì ni, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló wà nílé, ó kàn dojú ẹ̀ dé ni, ó ń fi àtàǹpàkò ta orin sókè, àwọn ọmọ folk gbogbo lọ ń kọ́ ọwọ́ ẹ̀. Odetta, òun náà obìnrin dúdú pẹ̀lú gìtá, ní àwọn ọdún 1950, Bob Dylan fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àwo Odetta lòun gbọ́ tóun fi lọ fi gìtá oníná òun pààrọ̀ gìtá onígi. Lọ́dún 1988 ó ń ya àwọn ìwé ìròyìn lẹ́nu pé ọmọ dúdú ń kọ folk, wọ́n ń wá òyìnbó tó jọ. Ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n wò.

“Mo ń kọ́ gìtá lórí YouTube, mo ti ń gbìyànjú Fast Car láti oṣù mẹ́ta, kò jọ tiẹ̀. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?” (Ọmọ Ìbàdàn, Bódìjà)

Ó ṣeé ṣe kó o máa gbá gbogbo okùn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má gbá a. Fi capo (ohun tí wọ́n fi ń há okùn gìtá mọ́lẹ̀) dè é ní fret (ìlà irin ọrùn gìtá) kejì, kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré ni, Cmaj7, G, Em, D, jẹ́ kí àtàǹpàkò máa bójú tó okùn báàsì, kí ìka méjì tó tẹ̀lé e máa tọ́ àwọn okùn òkè. Rọra ṣe é, bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Yípo yẹn á máa padà wá, padà wá, kò ní yí padà ní gbogbo ẹsẹ orin, ìgbà tó o bá dé ègbè lo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbá okùn pọ̀, ibẹ̀ náà ni ìlù ti máa ń bọ́ sí i gan-an nínú àwo.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro kì í ṣe ìka, sùúrù ni. Orin yìí ń sọ ìtàn ọmọbìnrin kan tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọ̀mùtí, ìyá sá fi bàbá sílẹ̀, ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀ kó lè tọ́jú bàbá. Ó pàdé ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀, wọ́n jọ fẹ́ sá kúrò nílùú. Wọ́n sá. Ó ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin ò ríṣẹ́. Ọdún ń lọ, ọmọ dé, ọmọbìnrin yìí ló ń san gbogbo bílì, ọkùnrin wà ní ilé ọtí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ti fẹ́ bàbá ẹ̀! Tracy ò sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, kò bá ẹnikẹ́ni wí, ó kàn jẹ́ kí gìtá yẹn máa yípo títí ìwọ fúnra ẹ á fi rí i pé ọkọ̀ náà ò lọ síbì kankan. Ègbè nìkan ló fò, torí ègbè ni ibi tó ti ń rántí alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ wà nínú ọkọ̀, tí ọwọ́ ọkùnrin wà léjìká ẹ̀. Tó o bá sáré ẹsẹ orin nítorí kó o lè tètè dé ègbè, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa ní ẹsẹ tó kẹ́yìn, kò gbé e sókè, kò sunkún, bí ẹni ń ka iye owó ọjà ló ṣe ń kọ ọ́.

“Ọmọ mi, mo wà ní Peckham ní 1988, mo wo eré Mandela lórí tẹlifíṣọ̀n, mo rántí pé ọmọbìnrin yìí kọrin ní ọ̀sán, nígbà tó tún di ìrọ̀lẹ́ mo tún rí i. Àwọn ọmọ mi ní mo ń ṣi ọdún pọ̀. Ṣé lóòótọ́ ló kọrin lẹ́ẹ̀mejì?” (Màmá kan, London)

Màmá, ẹ ṣeun mà, ẹ kò ṣi nǹkan kan pọ̀. 11 June 1988 ni, Wembley, ọdún 70 tí wọ́n bí Mandela ni wọ́n ń ṣe, ó sì wà lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ náà. Tracy ti kọrin tiẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ parí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó kan Stevie Wonder, ó ti fẹ́ jáde, ni wọ́n bá rí i pé hard disk tí gbogbo ohùn orin ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ti pòórá. Stevie fi omijé lọ. Èrò tó lé ní 70,000 ń dúró, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè 67, wọ́n ń wá ẹni tí kò nílò ìdúró kíbọ́ọ̀dù, kò nílò wáyà, kò nílò nǹkankan. Ọmọ onígìtá yẹn dà? Wọ́n tì í padà síta. Òun àti gìtá ẹ̀ àti máíkì, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó kọ Fast Car. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gbogbo ayé ti ń wá àwo ẹ̀ kiri, orin náà dé ipò karùn-ún ní ilé yín níbẹ̀.

Kí n kúkú fi èyí kún un: lọ́dún yẹn kan náà ó bá Springsteen, Sting, Peter Gabriel àti Youssou N'Dour rìn ká ayé fún Amnesty, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Human Rights Now! ni wọ́n pe ìrìn àjò náà, ní October wọ́n dé Harare, wọ́n dé Abidjan. Abidjan o! Ibi tí bọ́ọ̀sì Jibówú ń lọ. Wọn ò yà sí Èkó, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

“Ṣé òótọ́ ni pé Tracy Chapman ni Aṣa ń kọ bí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀dà ẹ̀ ni.” (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Gìtá, dàda, ojú tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ níwájú kámẹ́rà, mo mọ̀ pé ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyẹn, àwọn oníròyìn Yúróòpù sì ti ń fi wọ́n wéra látìgbà tí àwo Aṣa àkọ́kọ́ ti jáde ní 2007. Ẹ̀dà kọ́, jàre. Paris ni wọ́n bí Aṣa sí ní 1982, Èkó ló dàgbà sí, àwo bàbá ẹ̀ ló fi kọ́ etí, Fela, Sunny Adé, Ebenezer Obey, Marvin Gaye, Bob Marley, ẹ gbọ́ orin ẹ̀ dáadáa ẹ máa gbọ́ gbogbo wọn níbẹ̀. Cobhams Asuquo tó bá a ṣe àwo yẹn náà ní ọwọ́ tiẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù ni èdè. Òyìnbó lè gbé ohùn síbi tó bá wù ú, kò sí nǹkan tó máa ṣe ọ̀rọ̀. Nígbà tí Aṣa bá ń kọ Ẹyẹ Àdàbà, ohùn orin ní láti tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, àdàbà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ bí a ṣe ń pè é. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ yí Fast Car sí Yorùbá wò. Ọkọ̀ tó yára. Tí ohùn orin yín ò bá wálẹ̀ níbi “kọ̀” yẹn, ọkọ tó yára lẹ kọ, ìyẹn sì ti di orin mìíràn. (Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo bí ìtàn yẹn ṣe parí, ó lè máà jẹ́ àṣìṣe.) Tracy ń kọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ torí ó wù ú bẹ́ẹ̀, Aṣa ń ṣe é torí èdè ò gbà fún un láti ṣe òmíràn. Àwọn méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà ni, wọn ò jọ ti ilé kan náà jáde.

Àwọn kéékèèké

*Ṣé lóòótọ́ ló pe Nicki Minaj lẹ́jọ́?* Bẹ́ẹ̀ ni, 2018. Nicki lo Baby Can I Hold You nínú orin kan tó pè ní Sorry, wọ́n tọrọ àyè, Tracy ní rárá, orin náà ṣì jáde sórí rédíò. Wọ́n parí ẹ̀ ní 2021, $450,000 ni wọ́n san fún un. Ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kì í gbà kí wọ́n gé orin ẹ̀ lò, ẹ̀ẹ̀kan tó bá sọ pé rárá, rárá náà ni.

*Ẹni tó kọ Baby Can I Hold You gan-an, ṣé Boyzone kọ́?* Tracy ni. 1997 ni Boyzone ṣe tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi kásẹ́ẹ̀tì Boyzone ṣe ìgbéyàwó, a ò jiyàn yẹn nílé wa mọ́.

*Kí ló dé tí kì í jáde?* Ó wù ú kó jókòó sílé. A rí i lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Letterman ní 2015 níbi tó ti kọ Stand by Me, a tún rí i ní alẹ́ tó ṣáájú ìdìbò Amẹ́ríkà ní 2020 tó kọ Talkin' 'bout a Revolution lórí ètò Seth Meyers, lẹ́yìn náà Grammy yẹn. Ìgbà tó bá fẹ́.

*Níbo ni mo ti lè rí rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ yẹn rà, èyí tó tóbi, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kọ?* Wọ́n tún un tẹ̀ ní April 2025, wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe àlòkù.

Ọmọ Sùúrùlérè tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tún fi ìkejì ránṣẹ́ kí n tó parí, ó ní òun ti rí kásẹ́ẹ̀tì bàbá òun nínú àpótí, ṣùgbọ́n téèpù inú ẹ̀ ti já. Má sọ ọ́ nù. Tú ìdè (skúrúù) ẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ò bá ní ìdè, fi ọ̀bẹ tín-ín-rín là á létí, gé ẹnu méjèèjì tó já kó gún régé, jẹ́ kí wọ́n kanra, kó o fi téèpù tín-ín-rín tí wọ́n ṣe fún síso kásẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, apá tó ń dán, má lẹ̀ ẹ́ sí apá tó ń kan orí ẹ̀rọ. Wá fi báírò Bic yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi le. Orin tó máa sọnù níbẹ̀ ò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan.